Ta Ni Ògbufọ̀ Ń Jíṣẹ́ Fún?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pa òwe yìí láìfarabalẹ̀ wo ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òwe náà kò sọ pé kí ìránṣẹ́ yí iṣẹ́ padà bí ó ti wù ú, kò sì sọ pé kí ó kàn tú ọ̀rọ̀ dà sílẹ̀ bí ẹni tú àgbàdo sórí ẹní. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí a rán níṣẹ́ ní làákàyè tirẹ̀, àti pé làákàyè náà wà lára ohun tí a rán an pẹ̀lú. Ẹrú a máa sọ ohun tí a ní kí ó sọ, kò sì kàn án bí ilé jó. Ọmọ a máa ro ohun tí ọ̀rọ̀ náà yóò dá sílẹ̀ níbi tí ó ń gbé e lọ, a sì máa ro ojú tí yóò fi padà wo ẹni tí ó rán an. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni ìbéèrè àròkọ yìí dúró: nígbà tí ẹni tí ó gbọ́ èdè méjì bá wà láàárín ènìyàn méjì tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ta ni ó ń jíṣẹ́ fún?

Zaria jẹ́ ìlú tí ìbéèrè yìí kì í ṣe àjèjì sí. Láti ìgbà tí ọ̀nà reluwé ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní ọdún 1912, tí ó sì gba Zaria kọjá, ni àwọn Yorùbá tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé àti oníṣòwò ti ń tẹ̀dó sí Sabon Gari. Ọmọ tí a bí ní àdúgbò yẹn a máa kí ìyá rẹ̀ ní èdè Yorùbá ní òwúrọ̀, a máa dáhùn ìbéèrè olùkọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀sán, a sì máa ná ọjà ní èdè Hausa ní ìrọ̀lẹ́. Láti kékeré ni ó ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀ àti oníbàárà ní ìsọ̀. Láti kékeré náà ni ó ti mọ̀ pé ẹni tí ó ń túmọ̀ lè fi náírà mélòó kan lé iye owó ọjà, tàbí kí ó yọ díẹ̀ kúrò, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tó fura. Agbára ni èdè jẹ́ lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó tó mọ̀ pé ẹrù ni pẹ̀lú.

Ní àkókò yìí, iṣẹ́ kan ti yọjú tí ó ń wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń bá ilẹ̀ Jàpáànù ṣòwò ń fẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí ó sì gbọ́ èdè Jàpáànù, kí ó wá kọ́ṣẹ́ agbaninímọ̀ràn lórí ìtọ́jú àyíká. Iṣẹ́ náà ni láti máa fi han oníléeṣẹ́ bí yóò ti ṣe máa jèrè láìsọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀, láìsọ omi di májèlé, àti láìjẹ ohun tí ó yẹ kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí bá láyé. Ó jẹ́ àṣà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Jàpáànù láti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kẹrin ọdọọdún, kí wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́ fúnra wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè lè bá ara rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ènìyàn yóò rò pé ti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ni. Fún àwọn ọmọ Áfíríkà, ọ̀nà kan tí ó là síbẹ̀ ni ètò tí a ń pè ní ABE Initiative, èyí tí ìjọba Jàpáànù kéde ní ìpàdé TICAD karùn-ún ní Yokohama ní ọdún 1013 + 1000, èyíinì ni 2013, pé yóò mú ẹgbẹ̀rún kan ọ̀dọ́ wá kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì láàárín ọdún márùn-ún, tí wọn yóò sì fi ojú ara wọn rí bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀.

Èdè náà kì í ṣe ohun tí a ń fi ọjọ́ méje gbọ́. Oríṣi ọ̀nà ìkọ̀wé méjì ni ó ní tí ó ń tẹ̀ lé ìró ohùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì 46 tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àmì tí wọ́n yá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà wà níbẹ̀, èyí tí ìjọba wọn fi iye rẹ̀ sí 2,136 fún ìlò gbogbogbòò ní ọdún 2010. Ìdánwò tí a fi ń wọn ẹni tí ó ń kọ́ ọ ní ìpele márùn-ún, láti N5 tí ó rọrùn jù dé N1 tí ó le jù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì yóò ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Àwọn ará Jàpáànù a máa yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí wọ́n bá ń bá àgbà tàbí ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹni tí a ti kọ́ láti kékeré pé a kì í pe àgbà ní ‘ìwọ’ yóò tètè mọ ìdí rẹ̀.

Kí ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí ń ṣe gan-an? Kì í ṣe ohun ìyanu ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Yóò kó ìwé owó iná mànàmáná jọ, yóò kó ti omi àti ti epo jọ, yóò sì ṣe ìṣirò. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá jó lítà dísẹ́ẹ̀lì kan, afẹ́fẹ́ kábọ́nù tí yóò tú sójú ọ̀run tó nǹkan bí kílò 2.7. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń jó 1,000 lítà lóṣù yóò tú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2.7 jáde lóṣù náà, èyí tí ó ju tọ́ọ̀nù 32 lọ lọ́dún. Ẹni tí ó bá lè ka ìwé owó epo lè ṣe ìṣirò yìí. Lẹ́yìn náà ni yóò túmọ̀ fọ́ọ̀mù ìbéèrè, tí yóò sì bá ọ̀gá rẹ̀ kọ ìròyìn. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í tún ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ bí ó bá ti wù ú mọ́, nítorí pé ìgbìmọ̀ ISSB gbé ìlànà méjì jáde lórí rẹ̀ fún gbogbo ayé ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn ará Jàpáànù sì gbé tiwọn jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Nàìjíríà pẹ̀lú ti ní òfin lórí ìyípadà ojú ọjọ́ láti ọdún 2021.

Àwọn ìlànà wọ̀nyí kò dá dúró sórí ilé-iṣẹ́ nìkan. Wọ́n ń béèrè nípa ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní oko tí ọjà ti wá. Ibí ni ọ̀nà Jàpáànù ti pàdé ti Àríwá Nàìjíríà. Yànmọ̀tí, tí àwọn Hausa ń pè ní ridi, jẹ́ ohun ọ̀gbìn tí àwọn ará Jàpáànù ń rà púpọ̀ láti Nàìjíríà, wọn a máa fún òróró rẹ̀, wọn a sì máa wọ́n ọn sórí oúnjẹ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2006, òfin wọn kò gba oúnjẹ tí oògùn apakòkòrò inú rẹ̀ bá kọjá òdiwọ̀n láàyè láti wọlé. Oògùn tí wọn kò bá fi òdiwọ̀n tirẹ̀ lélẹ̀, mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni òpin rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń fín oògùn sí oko rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnìkan ní etíkun tí òun kò lè dé láéláé ń wọn ohun tí òun fín.

Àkàwé kan yóò mú ọ̀rọ̀ náà yé ni. Ká ní ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí a bí ní Sabon Gari, tí ó kàwé ní Zaria, tí ó sì lọ kọ́ èdè Jàpáànù. Ilé-iṣẹ́ kan gbà á sí iṣẹ́ ìtọ́jú àyíká. Kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí wọ́n fi rán an lọ sí abúlé kan tí kò jìnnà sí odò Galma, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi èdè Jàpáànù tẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí àgbẹ̀ àgbàlagbà kan, ó sì béèrè ní èdè Hausa pé, “Baba, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá ń fín oògùn, kí ni ẹ máa ń wọ̀ sọ́wọ́?” Baba náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ọwọ́ tí Ọlọ́run dá mọ́ mi ni.” Ó béèrè ibi tí wọ́n ń da kẹ́ẹ̀gì oògùn sí bí ó bá tán. Baba náà nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ṣan kẹ́ẹ̀gì náà ní odò kékeré ẹ̀yìn abúlé, omi mímu àwọn ọmọ ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tí a kọ ìkìlọ̀ sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Baba náà wá béèrè ìbéèrè tirẹ̀, “Ìwọ tí o mọ̀wé, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” Kò sí ẹni tí ó kà á fún un rí.

Lórí fọ́ọ̀mù náà, ‘bẹ́ẹ̀ ni’ tàbí ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ ni àyè wà fún. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ kí ó tó kúrò ní ọ́fíìsì pé kí ó kọ ọ́ kí ó dùn ún kà. Bí ó bá kọ òtítọ́, ó lè jẹ́ pé àwọn tí ó wà lókè òkun yóò ní kí wọ́n má ra yànmọ̀tí abúlé náà mọ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ Baba náà yóò sì wọ igbó. Bí ó bá kọ irọ́, àwọn ọmọ yóò máa mu omi inú kẹ́ẹ̀gì náà lọ. Omi tí ó ṣan kẹ́ẹ̀gì náà kò sì dúró ní ẹ̀yìn abúlé. Yóò ṣàn sí Galma, Galma yóò gbé e fún odò Kàdúná, odò Kàdúná yóò sì gbé e fún Ọya. Kí ni ó yẹ kí ọ̀dọ́bìnrin yìí ṣe?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò le. Wọn yóò ní ẹni tí ó ń san owó oṣù rẹ̀ ni ó ń jíṣẹ́ fún, kí ó sì ṣe bí ọ̀gá ti wí. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ èrò yìí sẹ́yìn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́ tí ó jáde ní yunifásítì, tí ó jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, tí àbúrò ń wo ojú rẹ̀, kò ní agbára láti máa bá ọ̀gá ṣe àríyànjiyàn. Bákan náà, ìwà ọmọlúàbí ni kí òṣìṣẹ́ pa àṣírí ilé-iṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá ń gbé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kiri ìta kò yẹ ní gbígbà síṣẹ́, àní bí ó gbọ́ èdè mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Jàpáànù fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ìyà kọ́ ayé pé èrò yìí kò pé tó. Ní ìlú Minamata, ní agbègbè Kumamoto, ilé-iṣẹ́ Chisso bẹ̀rẹ̀ sí da omi ẹ̀gbin tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ sí òkun láti ọdún 1932. Ẹja jẹ mẹ́kúrì, àwọn apẹja àti ìdílé wọn sì jẹ ẹja. Ọwọ́ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ojú ń ṣú, ọ̀rọ̀ ń dídò lẹ́nu, àwọn aboyún sì ń bí ọmọ tí májèlé ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ láti inú oyún. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956, Hajime Hosokawa, dókítà àgbà ní ilé-ìwòsàn tí ó jẹ́ ti Chisso gan-an, rí i pé a fi àrùn tuntun náà tó ìjọba létí. Ní ọdún 1959, ó po omi ẹ̀gbin ilé-iṣẹ́ náà mọ́ oúnjẹ ológbò kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 400. Ní oṣù Kẹwàá, àrùn kan náà kọ lu ológbò náà. Dókítà ti rí òtítọ́, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí wọ́n ní yóò máa fọ omi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kò sì lè mú mẹ́kúrì kúrò.

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni májèlé náà tún ń ṣàn lẹ́yìn ikú ológbò yẹn, títí di ọdún 1968. Ní ọdún 1970, Hosokawa jẹ́rìí lórí ibùsùn àìsàn, ó sọ ohun tí ó mọ̀, ó sì kú ní ọdún kan náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1973, ilé-ẹjọ́ Kumamoto dá Chisso lẹ́bi. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ kí òtítọ́ tó bá a. Ọmọ tí májèlé wọ̀ lára ní ọdún 1960 kò lè gba ọpọlọ rẹ̀ padà nítorí pé adájọ́ sọ òtítọ́ ní 1973. Hosokawa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ni ó kọ́kọ́ kígbe. Ohun tí ó dè é ni ohun tí ó ń de ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rere: ó rò pé ẹni tí ó ń sanwó fún òun ni ó ni ohun tí òun mọ̀.

Èrò kejì kọjú sí ti àkọ́kọ́. Àwọn tí ó dì í mú yóò sọ pé ará ilé ni ọ̀dọ́bìnrin yẹn ń jíṣẹ́ fún, kì í ṣe àlejò. Kí ó kọ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ sórí fọ́ọ̀mù kí àgbẹ̀ lè ta ọjà rẹ̀, nítorí pé àwọn olówó òkè òkun kò ní mọ̀. Àánú ni ó wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n àánú tí kò ríran ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010 tó láti fi kọ́gbọ́n. Àwọn ará abúlé rí wúrà wà jáde, owó sì ń wọlé ju ti oko lọ. Wọ́n ń fọ́ òkúta náà nínú ọgbà ilé, láìmọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀. Eruku òjé bà lé ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń rá kòrò lórí rẹ̀. Ó ju 400 ọmọ lọ tí ó kú. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ nípa òjé náà, tí ó sì pa á mọ́ kí owó wúrà má bàa dáwọ́ dúró, ta ni ì bá sọ pé ó ṣàánú àwọn ará abúlé? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe náà kò sọ pé kí a bá a fi kòkòrò náà pamọ́ fún àlejò.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ èdè ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, àwọn oníṣòwò ará Ítálì kó ẹ̀gbin kẹ́míkà tí ó ju 3,000 tọ́ọ̀nù lọ wá sí Koko, ìlú etí omi kan tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Delta nísinsìnyí. Inú ọgbà ẹnìkan ni wọ́n to àwọn àgbá náà sí, nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù sì ni owó tí wọ́n ń san fún un. Àwọn ọmọ ìlú ń rí àgbá, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó túdìí àṣírí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà ní Ítálì. Wọ́n gbọ́ èdè ibẹ̀, wọ́n ka ìwé ìròyìn ibẹ̀, wọ́n rí orúkọ Koko, wọ́n sì kọ̀wé ránṣẹ́ sílé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1988, gbogbo Nàìjíríà ti gbọ́. Wọ́n kó ẹ̀gbin náà padà. Òfin 42 ti ọdún náà sọ kíkó ẹ̀gbin olóró wọ̀lú di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n gbére, òfin 58 sì dá àjọ FEPA sílẹ̀, èyí tí NESREA rọ́pò ní ọdún 2007.

Kò sí ẹni tí ó rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn níṣẹ́, kò sì sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé èdè tí wọ́n kọ́ ti sọ wọ́n di ojú fún àwọn tí kò lè ríran dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè àjèjì ti jẹ gbèsè kan láìmọ̀: ohun tí ó bá kà, tí ó sì kan ẹ̀mí ẹni tí kò lè kà á, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́.

Òótọ́ ni pé ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ Koko kò bá ti ọ̀dọ́bìnrin Zaria mu, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú oníṣòwò kankan. Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a ya oríṣi àṣírí méjì sọ́tọ̀. Àṣírí òwò wà: iye tí ilé-iṣẹ́ rà á, iye tí yóò tà á, ẹni tí yóò bá dòwò pọ̀. Ìwọ̀nyí jẹ́ ti ẹni tí ó gbani síṣẹ́, ọmọlúàbí kì í sì í tú u. Àṣírí májèlé wà pẹ̀lú: ohun tí ó wà nínú omi, nínú ilẹ̀, nínú ara ọmọ ẹlòmíràn. Kò sí owó oṣù tí ó lè ra èyí, nítorí pé kò sí lára ohun tí oníléeṣẹ́ ní láti tà tàbí láti fi pamọ́. Ẹni tí ó ni ara ni ó ni ìròyìn ohun tí ó wọ ara rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ōmi ní Jàpáànù àtijọ́, tí wọ́n ń ru ẹrù kiri láti ìlú dé ìlú, ni a mọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní sanpō yoshi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí òwò dára fún ẹni tí ń tà, kí ó dára fún ẹni tí ń rà, kí ó sì dára fún àwùjọ. Èrò àkọ́kọ́ tí a gbé yẹ̀ wò rí ẹni tí ń rà nìkan, èkejì rí ẹni tí ń tà nìkan. Èwo nínú wọn ni ó rí ọmọ tí ń mu omi inú kẹ́ẹ̀gì, tàbí àwọn tí ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ odò? Àwọn wọ̀nyí kò sí níbi ìdúnàádúrà, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdáhùn sí ìbéèrè àròkọ yìí wà níbẹ̀. Ẹni tí ó rán ògbufọ̀ ni ó ń jíṣẹ́ fún, bẹ́ẹ̀ ni; ṣùgbọ́n nítorí ẹni kẹta tí kò sí níjòkòó ni kò fi gbọdọ̀ fi irọ́ jẹ́ ẹ.

Kí wá ni yóò ṣe ní abúlé ẹ̀gbẹ́ Galma? Yóò kọ ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’, ṣùgbọ́n kò ní fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ tí a gé kù lè ṣèkà bí irọ́. Bí ó bá kọ pé àwọn àgbẹ̀ kò wọ ìbọ̀wọ́, tí kò kọ pé wọn kò rí i rà ní ọjà wọn, ó ti sọ aláìní di aláìbìkítà. Bí ó bá kọ pé wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì oògùn pọnmi, tí kò kọ pé ìkìlọ̀ ara rẹ̀ wà ní èdè tí wọn kò gbọ́, ó ti di ẹ̀bi ru ẹni tí a kò kìlọ̀ fún. Nítorí náà yóò kọ ohun tí ó rí, yóò kọ ìdí rẹ̀, yóò sì kọ ohun tí àtúnṣe yóò gbà: iye ìbọ̀wọ́, iye kẹ́ẹ̀gì omi tí ó mọ́, ọjọ́ mélòó tí a ó fi kọ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹni tí ó wà lókè òkun yóò wá rí i pé sísá fún abúlé náà kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo olùrà ni yóò gbà, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Síbẹ̀, bí àbọ̀ rẹ̀ bá kùtà, ó sàn ju kí ó tà lọ́wọ́ ikú.

Ó sì yẹ kí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Gbígbọ́ èdè Jàpáànù kò sọ ni di onímọ̀ ilẹ̀. Ohun tí kò bá yé e, kí ó má túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ó yé. Ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn wà ní Samaru, àwọn àgbà tí wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn lórí ilẹ̀ Àríwá wà níbẹ̀, kí ó lọ bi wọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá sì ní kí ó yí ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ padà sí ‘bẹ́ẹ̀ ni’, kí ó fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé, kí ó sì kọ̀ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Ó lè pàdánù iṣẹ́ náà. Kò yẹ kí a tan ọ̀dọ́ jẹ pé kò sí owó tí òtítọ́ ń náni. Ohun tí a lè sọ fún un ni pé èdè tí ó kọ́ yóò bá a jáde ní ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó bá bàjẹ́ kò ní bá a jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú, àní àwọn tí kò ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Jàpáànù láéláé. Àwọn kan a máa fi ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè abínibí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ wo ni yóò fi ṣe. Kí wọ́n padà lọ wo kẹ́ẹ̀gì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà Baba náà. Ìròyìn tí a fi èdè Jàpáànù kọ lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó so èso. Ìlà méjì ìkìlọ̀ tí a bá fi Hausa kọ sí ara kẹ́ẹ̀gì ní Zaria, tàbí tí a fi Yorùbá kọ ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, lè dáàbò bo ọmọ kan lónìí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni méjèèjì, ẹ̀kọ́ kan náà sì ni wọ́n ń béèrè.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọ̀dọ́bìnrin inú àkàwé wa kúrò ní abúlé náà kí ó tó dáhùn ìbéèrè tí Baba bi í. Fọ́ọ̀mù kò ní kí ó dáhùn rẹ̀, ọ̀gá kò rán an, ẹnikẹ́ni kò sì ní san owó rẹ̀ fún un. Kí ó jókòó ti Baba, kí ó ka ohun tí a kọ sí ara kẹ́ẹ̀gì náà fún un ní èdè tí ó gbọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dúró títí wọn yóò fi da omi inú rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó gbé gègé sórí fọ́ọ̀mù. Bí a ti ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ẹrú nìyẹn.